Ìgò Wàrà Méjìlá Bàbá Oyèníyì

Lẹ́yìn gáà Savè, ibùdókọ̀ ojú irin níbi tí koríko ti bo irin mọ́lẹ̀, ilé kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ṣí firígò ibẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Oyèníyì lorúkọ onílé yìí, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ọkùnrin gbígbẹ tí kì í fi àkókò ṣòfò. Kò fi ẹran pamọ́ síbẹ̀, kò fi ẹja pamọ́. Wàrà ọmú ló wà nínú firígò náà, wàrà ìyàwó ọmọ rẹ̀, nínú ìgò kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n so páálí pélébé mọ́ ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó yé ènìyàn, àfi kó kọ́kọ́ dé gáà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Oyèníyì fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nídìí ẹrù. Bí àpò àlùbọ́sà bá ti Parakou sọ̀ kalẹ̀, bí iṣu bá fẹ́ gba Cotonou lọ, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Yóò kọ orúkọ ẹni tó ni ẹrù sára páálí, yóò kọ ọjọ́ tó wọlé, wákàtí tó wọlé, àti ọjọ́ tí àyè rẹ̀ yóò parí, yóò wá fi okùn so ó mọ́ ẹrù náà. Etikẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe páálí yẹn. Ẹrù tí kò bá ní etikẹ́ẹ̀tì, lójú Oyèníyì, kò tíì dé ayé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò wá mọ́, tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ pín àlòkù inú gáà láàárín ara wọn, ẹnì kan gbé àga, ẹlòmíràn gbé àtùpà. Òun gbé odidi katọ́ọ̀nù etikẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí.

"Kí lo fẹ́ fi gbogbo ìwọ̀nyí ṣe?" ìyàwó rẹ̀, tó ti di olóògbé báyìí, bi í nígbà yẹn.

"N kò tíì mọ̀," ló fi dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n wọn kò jẹun, wọn kò mu omi. Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀."

Wọ́n sì wà níbẹ̀, lókè àpótí aṣọ, títí Àyìnkẹ́ fi dé.

Ọmọ Romuald ni Àyìnkẹ́. Romuald, ọmọkùnrin Oyèníyì, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti èbúté Cotonou lọ sí ilẹ̀ Niger, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ló sì ń fẹsẹ̀ kan ilé. Olúwakẹ́mi ìyàwó rẹ̀, ọmọ Pobè, olùkọ́ ni ní Boni. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, ìsinmi ìbímọ parí, Olúwakẹ́mi sì ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ra wàrà alágolo. Ọmọ mu ún lẹ́ẹ̀mejì péré, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni okùn aṣọ ilé náà kò fi rí àyè fún aṣọ àgbàlagbà, aṣọ ìdí ọmọ ló kún un.

Brigitte, àgbà agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn, wo ọmọ náà tán, ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìwọ tí ọmú ń ṣàn lára rẹ, kí lo ń wá nínú agolo? Fún un sínú ìgò tó o ti sè nínú omi dáadáa. Gbé e sínú firígò, má ṣe fi í sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ o, tì í wọ ẹ̀yìn pátápátá níbi tó tutù jù. Ọjọ́ mẹ́rin ló lè wà níbẹ̀."

Oyèníyì, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú fìlà lórí eékún, fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́rin. Ó sọ ọ́ sínú lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa gbàgbé.

Báyìí ni Olúwakẹ́mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, kó tó gun alùpùpù rẹ̀, yóò fún ọmú sínú ìgò kan. Ní Boni, bí àwọn ọmọ bá jáde fún ìsinmi ọ̀sán, yóò ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì ọ̀gá, yóò fún òmíràn, yóò gbé e sínú àpótí kékeré oníyìnyín tó ń gbé bọ̀ nílé. Chérifatou, aládùúgbò wọn, ló ń tọ́jú ọmọ títí yóò fi dé. Ọwọ́ Chérifatou rọ ọmọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé, ìgò tó bá sì sún mọ́ ọn jù ló ń mú. Tòní ń lọ, tàná ń jókòó, èyí tó ti wà lẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́ ń kan níbẹ̀.

Bachirou ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Oníṣòwò àlùbọ́sà ni Bachirou tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ Oyèníyì láti ayé gáà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé, ó po kọfí fún ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ṣí firígò, ó rí wàrà. Ó dà á sí i. Ó mu ún dé ìdajì ife kó tó sọ̀rọ̀.

"Oyèníyì, wàrà yín yìí mà dùn o. Lọ́wọ́ Fúlàní wo lẹ ti ń rà á?"

Chérifatou, tó pọn ọmọ, wo ìgò tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó fara ti ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Bachirou! Ẹ ti di ẹ̀gbọ́n Àyìnkẹ́ nìyẹn o! Ọmú kan náà lẹ jọ mu!"

Bachirou gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Mùsùlùmí tòótọ́ ni, ó mọ ohun tí ọmú tí ènìyàn mu ń sọni dà. "Ṣé ìyàwó Romuald ti wá di ìyá mi nìyẹn?"

"Ìyá yín ni. Ẹ máa lọ kúnlẹ̀ kí i bó bá dé."

Láti ọjọ́ náà, bí Bachirou, ẹni àádọ́rin ọdún, bá ti rí Olúwakẹ́mi, "Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o" ló ń sọ, Olúwakẹ́mi á sì fi gèlè bo ojú. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Oyèníyì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìgò wàrà kan ti lọ sínú kọfí. Ó mọ ohun tí ìgò kan ń ná ìyàwó ọmọ rẹ̀: ìdajì wákàtí lórí àpótí nínú ọ́fíìsì olóoru, tó ń payín keke, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀wà lábẹ́ igi. Ó gbé àga, ó gùn ún, ó sọ katọ́ọ̀nù kalẹ̀ láti orí àpótí aṣọ, ó gbọn eruku rẹ̀ nù.

"Láti òní lọ," ó wí, "firígò yìí ti di gáà."

Ó sì di gáà lóòótọ́. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́, nítorí yíǹkì máa ń ṣàn bí òtútù bá rin páálí. Ọjọ́, wákàtí, bó ṣe pọ̀ tó. Nítorí Chérifatou, ó lọ tọrọ àjákù òwú lọ́dọ̀ aránṣọ, àwọ̀ méje fún ọjọ́ méje: pupa ni ti ọjọ́ Ajé, dúdú ni ti Ìṣẹ́gun, títí dé funfun ọjọ́ Àìkú. Ìgò tó bá dé, apá òsì ni yóò ti wọlé, yóò máa sún lọ sápá ọ̀tún bí àwọn mìíràn ti ń jáde, Chérifatou kò sì gbọdọ̀ mú ìgò kankan àfi èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá. Wọn kì í gbé e kaná. Abọ́ omi gbígbóná ni wọ́n ń gbé ìgò sí títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tí ọmọ bá mu kù kò gbọdọ̀ padà wọlé. Bí iná mànàmáná bá lọ, Oyèníyì á ti ra yìnyín lọ́dọ̀ Thierry tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé, á tò ó yí wàrà ká, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn títí iná yóò fi dé.

Àwọn àgbààgbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi kajú kò jẹ́ kó sinmi.

"Oyèníyì, ṣé ọmú tìẹ náà ti ń ṣàn?"

"Ìgbà tí tìrẹ bá ṣàn, gbé e wá. Màá so etikẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn."

"Ọkùnrin tó di gbogbo gáà mú, ẹ wá wo ohun tó ń dì mú báyìí!"

"Ṣéẹ̀fù, ọ̀gá pátápátá, ni mí lọ́hùn-ún, ṣéẹ̀fù ni mí níbí. Ta ayò rẹ."

Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọjọ́ mẹ́rin wàrà kan bá ti pé, tí ọmọ kò tíì mu ún, yóò dúró kí Olúwakẹ́mi wọ ilé ìwẹ̀, yóò gbé ìgò náà lọ sídìí ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ilé, yóò dà á nù, yóò fọ ìgò náà, yóò sì dá a padà. Ó ń dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹni tó fún un rí i. Etikẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni kò lè sọ nù. Inú agolo bisikíìtì kan ló ń kó wọn sí.

Bó ṣe ń ka ọjọ́ mẹ́rin náà nìyí. Ní Savè, bí ènìyàn bá ka ọjọ́, òní wà nínú rẹ̀. Bí ọjà bá ná lónìí, tí wọ́n ní yóò tún ná ní ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ti ka òní mọ́ ọn. Gbogbo ìlú ló ń ka ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọdé kò sì nílò olùkọ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, wàrà ọjọ́ Ajé: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ó pé. Bí oòrùn Ọjọ́bọ̀ bá ti wọ̀, ó di ti ìbẹ́pẹ.

Ohun tí Olúwakẹ́mi ń rí ni pé òun ń fún ọmú tọwọ́ tẹsẹ̀, firígò kò sì kún. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí àlékún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹ̀kọ tútù, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń bi Chérifatou bóyá ọmọ ń jẹ àjẹjù. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ ìbéèrè. "Wàrà mi ò tó," ló sọ fún Romuald lórí fóònù. "Ara mi ò ṣe é tó."

Nígbà náà ni ìwé ìpè sí ìdánwò ìjọba dé. Ọdún mẹ́rin ló ti ń dúró dè é. Bó bá yege, yóò di olùkọ́ ìjọba gan-an, kò ní máa ṣe ẹni tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún bí alágbàṣe oko mọ́. Parakou ni wọn yóò ti ṣe é, ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọn kò gba ọmọ ọwọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tó bá gbéra ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì títí yóò fi wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àyìnkẹ́ yóò mu ìgò méjìlá.

"Bí kò bá pé méjìlá," Olúwakẹ́mi wí, "mi ò ní í lọ. Mi ò ní í jókòó kọ̀wé nígbà tí ọmọ mi ń ya ìgbẹ́ gbuuru nílé."

Ó ṣe rere pé àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú ìsinmi lọ́sẹ̀ náà. Ó wà nílé, Àyìnkẹ́ ń mu ọmú lẹ́nu ọmú, gbogbo ohun tó bá sì fún kún un di ti ìrìn àjò. Mẹ́ta lọ́jọ́ Ajé. Mẹ́ta ní Ìṣẹ́gun. Mẹ́ta ní Ọjọ́rú. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ní Ọjọ́rú yẹn kan náà, ó lọ sọ́dọ̀ Thierry, ó ra agolo wàrà kan ní owó ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé e ka orí tábìlì, kò sì fẹ́ wojú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ó gbé ẹ̀kẹta ọjọ́ náà jáde láti yàrá.

"Bàbá! Ó pé méjìlá! Mo ń lọ!"

Oyèníyì gba ìgò náà, ó kọ etikẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé e sápá òsì. Ó wo apá ọ̀tún, níbi tí òwú pupa mẹ́ta wà. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè. Ṣé kó fi wàrà tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé fún ọmọ ọmọ rẹ̀? Kò jẹ́. Ṣé kó sọ fún ìyá ọmọ pé mẹ́sàn-án ló ní, kì í ṣe méjìlá? Ìdánwò ti lọ nìyẹn. Ó dúró títí tó fi gbọ́ omi nílé ìwẹ̀. Ó kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lọ sídìí ìbẹ́pẹ, ó ṣí àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fún láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì dà á sílẹ̀.

"Kí lò ń dà nù yẹn?"

Bachirou ni. Ó wá kí ìyá rẹ̀ pé kó lọ ire kó bọ̀ ire.

"Wàrà ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ rẹ̀ pé."

Bachirou na ìka. "Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Mẹ́rin. Lóòótọ́ ló pé." Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Àwa náà mà ti dàgbà o. Ìwọ tó o máa ń lé mi padà! Wọ́n á ní ọjọ́ mẹ́ta ni àlùbọ́sà mi lè lò ní gáà, èmi á sáré dé ní ọjọ́ kẹta, òógùn á bò mí, èmi á rò pé wọ́n ti fẹ́ bu owó lé mi. Ìwọ á jókòó síbẹ̀ bí ọba, o ò ní gbójú sókè: 'Bachirou, lọ sinmi. Ọjọ́ tí ẹrù wọlé kì í ṣe ọjọ́.'"

Ìgò kejì ti ṣí lọ́wọ́ Oyèníyì. Ó dúró bí igi.

"Tún un sọ."

"Èwo? Ọjọ́ tí ẹrù wọlé kì í ṣe ọjọ́?"

Oyèníyì dé ìgò náà padà. Ní gáà, ọ̀la ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìjọba wí, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló sì fi ń bá àwọn oníṣòwò jà lórí rẹ̀, tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilé ìwé ìjọba náà ni Brigitte lọ; bíi ti ìwé gáà ni yóò máa ka ọjọ́. Báwo ni òun ṣe so etikẹ́ẹ̀tì gáà mọ́ ìgò, tí òun wá ka ọjọ́ bí ẹni tó ń lọ ọjà?

Kò fi ọkàn rò ó parí. Ó tẹ Brigitte láago níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbẹ́pẹ.

"Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni, Bàbá," agbẹ̀bí náà dá a lóhùn. "Ẹ kà á láti wákàtí tí wọ́n fún un. Wàrà ọ̀sán ọjọ́ Ajé lè dé ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì bí òtútù yín kò bá já. Kí ló dé?"

"Kò sí," Oyèníyì wí. "Ọ̀gá kan ló ṣe àṣìṣe ní gáà."

Àgbà mìíràn ì bá parí rẹ̀ síbẹ̀, ì bá dá ìgò méjì padà, kó dákẹ́. Òun mú agolo bisikíìtì, ó lọ bá Olúwakẹ́mi níbi tó ti ń di ẹrù, Bachirou tẹ̀ lé e.

"Ìyàwó mi, jókòó. Mo ti ń da wàrà rẹ nù."

Obìnrin náà wò ó. "Bàbá, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti gba firígò. Ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n sọ, mẹ́ta ni mo ń fún un. N kò jẹ́ kí o rí mi. Wò ó." Ó da agolo náà sórí ibùsùn. Etikẹ́ẹ̀tì tú jáde, pupa, dúdú, àwọ̀ ewé, funfun. "Mẹ́tàdínlógún. Tòní ló ṣe èkejìdínlógún."

Olúwakẹ́mi mú ọ̀kan. Ó mú òmíràn. Ó ń ka ohun tó wà lára wọn, ọjọ́ àti wákàtí, àwọn àárọ̀ tó fún un lójú oorun, àwọn ọ̀sán inú ọ́fíìsì Boni. Oyèníyì ń retí ọ̀rọ̀ tó le. Ó ti pinnu pé òun yóò gbà á.

"Nítorí náà," obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì wọlẹ̀, "wàrà mi tó?"

"Ó tó. Ó ń ṣẹ́kù."

"Láti gbogbo ìgbà yìí wá, ó ń ṣẹ́kù?"

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Ó kó etikẹ́ẹ̀tì náà jọ sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mú omijé dání. "Bàbá, mo rò pé èmi ni ara mi ò ṣe é tó! Mo ti bú ara mi tán!"

"Èmi ni kó o bú."

"Mi ò lè bú yín. Kò sẹ́ni tó tíì kọ iṣẹ́ mi sílẹ̀ báyìí fún mi rí." Ó nu ojú. "Mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí?"

"Mọ́kànlá. Bí mo bá tò wọ́n ní wákàtí-wákàtí, ti ọjọ́ Ajé méjèèjì yóò ti jáde kí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ọ̀kan ló kù."

Olúwakẹ́mi dìde, ó mú ìgò òfìfo. "Ẹ jáde fún mi ní yàrá, ẹ̀yin méjèèjì."

"Ìyá mi," Bachirou pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ rántí kọfí mi o!"

"Ẹ lọ ra màlúù!"

Kí ọkọ̀ Parakou tó gbé e ní ìdájí, méjìlá ló wà nínú firígò. Lọ́jọ́ Ẹtì, Oyèníyì kò lọ sídìí ayò. Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ firígò, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń pe Chérifatou bí ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀. "Pupa kìíní, jáde!" Chérifatou á ní, "Ó ti gbọ́, ṣéẹ̀fù!" Àyìnkẹ́ mu, ó sùn, ó jí, ó tún mu. Iná lọ fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Yìnyín ti wà ní sẹpẹ́, wọn kò sì ṣílẹ̀kùn.

Alẹ́ kò tíì lẹ́ nígbà tí Olúwakẹ́mi sọ̀ kalẹ̀ lójú títì, tó ń sáré, tó fi apá méjèèjì di àyà mú nítorí ọmú tó ti le. Ó gba ọmọ kó tó kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọmọ ti dì mọ́ ọn, ó gbójú sókè.

"Ìdánwò náà ò le jù, Bàbá. Èsì di oṣù tó ń bọ̀. Ilé ńkọ́?"

Oyèníyì dìde dúró bó ṣe máa ń dúró nígbà tí ọ̀gá bá ti Cotonou wá. "Mọ́kànlá jáde. Ọ̀kan kù. Kò sí èyí tó bàjẹ́. Ara ọmọ le koko."

Agolo ló kù lórí tábìlì, ọ̀rá ẹnu rẹ̀ kò tíì ya. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Oyèníyì gbé e lọ sọ́dọ̀ Thierry. Thierry ní ọjà tí òun bá ti tà, òun ti tà á. Oyèníyì kò bá a jà, owó náà ti lọ. Ó gbé e padà wálé, ó mú etikẹ́ẹ̀tì kan àti pẹ́ńsù, ó jókòó. Ní ibi orúkọ ẹni tó ni ẹrù, ó kọ pé kò sí. Ní ibi ọjọ́ tó wọlé, ó kọ Ọjọ́rú. Nígbà tó kan ọjọ́ tí àyè rẹ̀ yóò parí, ó na ìka ọwọ́ rẹ̀, ó fo Ọjọ́rú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀.